Ìtọ́jú ológbò àdúgbò

Ìtọ́jú ológbò àdúgbò ni àpapọ̀ àwọn iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe fún àwọn ológbò tí kò ní ẹni tí ó ni wọ́n, láti bọ́ wọn, láti dáàbò bo ìlera wọn, àti láti dín bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i kù, láìjẹ́ pé a kó wọn kúrò ní ibi tí wọ́n ń gbé. Irú àwọn ológbò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ọjà, ní ẹ̀yìn ilé oúnjẹ, ní ọgbà ilé-ìwé àti ti ilé-ìwòsàn, ní èbúté, àti láàárín àwókù ilé àtijọ́. Ohun tí àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ máa ń ṣe fún wọn ni pé kí wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀. Iṣẹ́ àánú ni èyí, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Abo ológbò tí ó ń yó yóò máa bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì ti máa bímọ tiwọn kí ọdún tó yípo. Nítorí náà, títẹ àwọn ológbò lọ́dàá ni a kà sí ìpìlẹ̀ ìtọ́jú wọn. Oúnjẹ, omi, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ibùgbé ni ó tẹ̀ lé e.

## Irú àwọn ológbò tí ń gbé ìgboro

Ológbò, tí a tún ń pè ní ológìnní, ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní *Felis catus*. Ẹ̀yà kan náà ni ológbò tí ń sùn lórí àga nínú ilé àti èyí tí ń wá oúnjẹ ní orí ààtàn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn ni bí wọ́n ti mọ ènìyàn sí. A lè pín àwọn tí a ń rí ní ìgboro sí ọ̀nà mẹ́ta:

- Ológbò ilé tí ń rìn káàkiri. Ó ní ilé àti ẹni tí ó ni ín, ṣùgbọ́n a kì í sé e mọ́lé. Ó lè jẹun ní ilé mẹ́ta lóòjọ́, kí olúkúlùkù àwọn onílé náà sì rò pé kò ní olùtọ́jú mìíràn.
- Ológbò tí ó sọnù tàbí tí a pa tì. Ó ti bá ènìyàn gbé rí, ó sì lè padà di ológbò ilé bí ó bá rí ẹni gbà á. Ó sábà máa ń sún mọ́ ènìyàn, a sì máa ké láti tọrọ oúnjẹ.
- Ológbò ẹhànnà. Ìta ni a bí i sí, ọwọ́ ènìyàn kò sì kàn án nígbà tí ó wà ní kékeré. Kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kan òun, òru ni ó sì sábà máa ń rìn. Bí a bá sé e mọ́ inú yàrá, ẹ̀rù lè mú kí ó kọ oúnjẹ.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni ó ń fi ohun tí ó yẹ ológbò kọ̀ọ̀kan hàn. Àkókò tí ọmọ ológbò fi ń kọ́ láti fọkàn tán ènìyàn kúrú: ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ó sì ń parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje. Ó ṣòro gidigidi kí èyí tí kò mọ ènìyàn ní àkókò náà tó lè di ológbò ilé mọ́. Fún irú rẹ̀, ibi tí ó ti mọ̀ ni ilé rẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì yẹ kí a ti tọ́jú rẹ̀.

## Ìdí tí wọ́n fi ń pọ̀

Abo ológbò lè lóyún nígbà tí ó bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Oyún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65, ó sì sábà máa ń bí nǹkan bí ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè tún lóyún mìíràn nígbà tí àwọn ọmọ tí ó bí ṣì ń mu ọmú. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, abo ológbò kì í sábà gun ní àkókò tí ojúmọ́ bá kúrú. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí ojúmọ́ kì í ti fi bẹ́ẹ̀ gùn tàbí kúrú, ó lè bímọ ní ìgbàkígbà nínú ọdún.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í dàgbà. Ìwádìí kan tí a ṣe lórí àwọn ológbò ẹhànnà ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, fi hàn pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ni ó kú tàbí tí a kò rí mọ́ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Ohun tí ó pa wọ́n ni ọkọ̀, ajá àti àìsàn. Ẹni tí ó bá ń bọ́ ológbò láìdá bíbí dúró yóò máa rí ọmọ tuntun lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sì kú ní ojú rẹ̀.

Pípa àwọn ológbò tàbí kíkó wọn lọ sí ibòmíràn kì í sábà mú ìyàtọ̀ tí ó tọ́jọ́ wá. Ohun tí ó mú wọn wá sí ibi kan ni oúnjẹ: ìdọ̀tí tí a kò bò, èkúté, àti àjẹkù ẹja tàbí ẹran. Bí àwọn kan bá kúrò tí oúnjẹ náà sì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn láti àdúgbò ìtòsí lè gba ipò wọn, àwọn tí ó kù yóò sì máa bímọ. Májèlé tí àwọn kan ń dà sílẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kò mọ ológbò yàtọ̀ sí ajá, adìẹ tàbí ọmọdé tí ń ṣeré ní ìta.

## Ìlànà mímú, títẹ̀ lọ́dàá àti dídá padà

Ìlànà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ayé òde òní ni pé kí a mú ológbò, kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí a sì dá a padà sí ibi tí a ti mú un. Ìpele rẹ̀ nìyí:

1. Ìkànìyàn. Àwọn olùtọ́jú yóò kà iye ológbò tí ó wà ní àdúgbò, wọn yóò sì kọ àwọ̀ wọn, akọ tàbí abo, àti èyí tí ó jọ pé ó lóyún tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú.
2. Ìfìdí oúnjẹ múlẹ̀. A ó máa gbé oúnjẹ sílẹ̀ ní ibì kan náà, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, títí tí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n.
3. Mímú. A kò ní fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, a ó sì fi ẹja tàbí ẹran sínú pańpẹ́ onírin tí ó rí bí àpótí, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń tì fúnra rẹ̀. A kì í fi pańpẹ́ náà sílẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Bí ológbò bá ti wọlé, a ó fi aṣọ bo pańpẹ́, nítorí pé òkùnkùn máa ń mú kí ara rẹ̀ balẹ̀.
4. Iṣẹ́ abẹ. Oníṣègùn ẹranko yóò fún un ní oògùn akunnilóorun. Yóò yọ kóró ẹpọ̀n akọ. Ní ti abo, yóò yọ àwọn ẹ̀yà ara tí ó fi ń lóyún. Ní àkókò yìí kan náà ni a máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àìsàn dìgbòlugi.
5. Àmì etí. Kí ológbò náà tó jí, oníṣègùn yóò gé ṣóńṣó etí rẹ̀ kan, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ti òsì, ní ìwọ̀n nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan. Àmì yìí ni a fi ń mọ̀ láti òkèèrè pé a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí a má baà tún mú un.
6. Ìdápadà. Lẹ́yìn tí ó bá ti sinmi, nǹkan bí ọjọ́ kan fún akọ àti ọjọ́ kan sí mẹ́ta fún abo, a ó dá a padà sí ibi tí a ti mú un gan-an. Abo tí ó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Lẹ́yìn èyí, ìjà, ìtọ̀ olóòórùn líle tí ó fi ń sàmì sí ògiri, àti igbe òru yóò dín kù gidigidi. Kí ìlànà yìí tó lè mú kí iye wọn dín kù, ó gbọ́dọ̀ kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ológbò inú ọ̀wọ́ kan láàárín àkókò kúkúrú. Bí a bá tẹ méjì lọ́dàá nínú mẹ́wàá, àwọn mẹ́jọ yòókù yóò bí ọmọ tí yóò ju èyí tí a dènà lọ. Ó sì gbọ́dọ̀ ní àbójútó títí, nítorí pé àwọn ènìyàn lè tún wá pa ológbò tuntun tì síbẹ̀.

## Oúnjẹ àti omi

Ẹran ni oúnjẹ ológbò. Ara rẹ̀ kò lè pèsè èròjà kan tí a ń pè ní taurine tó bí ó ti yẹ. Inú ẹran àti ẹja ni ó ti ń rí i. Àìtó èròjà yìí lè ba ojú àti ọkàn rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ìrẹsì tàbí ẹ̀bà nìkan kò tó o, oúnjẹ tí a ṣe fún ajá kò sì lè dípò tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wàrà ni ó yẹ kí a máa fún ológbò, ṣùgbọ́n inú ọ̀pọ̀ ológbò tí ó ti dàgbà kì í gba wàrà màlúù, ó sì lè fún un ní ìgbẹ́ gbuuru. Omi tútù tí ó mọ́ ni ó dára jù. A kò gbọ́dọ̀ fún un ní oúnjẹ tí àlùbọ́sà tàbí aáyù wà nínú rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ṣokoléètì náà léwu fún un. Oògùn ènìyàn kò yẹ ẹ́ rárá: hóró parasítámọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè pa ológbò.

Ọ̀sán ni ó dára jù láti bọ́ wọn, kí a sì kó àjẹkù kúrò láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Oúnjẹ tí ó bá sùn sí ìta yóò pe èkúté, eèrà àti eṣinṣin wá, òun ni ó sì sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín olùtọ́jú àti àwọn aládùúgbò.

## Ibùgbé

Ológbò kò nílò ilé ńlá. Àpótí onígi tàbí oníkẹ̀ tí ihò kan wà ní ara rẹ̀, tí a gbé kúrò nílẹ̀ díẹ̀ kí omi òjò má baà wọ inú rẹ̀, ti tó. Ní ilẹ̀ olótùútù, koríko gbígbẹ ni a máa ń tẹ́ sínú rẹ̀, nítorí pé aṣọ máa ń fa omi mọ́ra. Ní ilẹ̀ olóoru, ibòòji àti omi ni ó ṣe kókó jù. Ó yẹ kí ibùgbé náà jìnnà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń fi iyanrìn ṣeré, àti sí ibi tí a ń sin adìẹ sí.

## Àwọn ọmọ ológbò

Ẹni tí ó bá rí ọmọ ológbò láìsí ìyá wọn lè rò pé a ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá wọn wá oúnjẹ lọ ni. Ohun tí ó tọ́ ni kí a dúró ní òkèèrè fún wákàtí mélòó kan kí a sì máa wòye, àyàfi bí ewu bá wà nítòsí tàbí bí ara àwọn ọmọ náà bá ti tutù. Ìyá ni ó lè tọ́jú wọn jù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́.

Bí ó bá dájú pé ìyá kò ní padà, iṣẹ́ ńlá ni. Ojú ọmọ ológbò máa ń là láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Kí ó tó di ìgbà náà, kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, ó sì nílò oúnjẹ ní nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta, lọ́sàn-án àti lóru. Wàrà tí a ṣe fún ọmọ ológbò ni a ń fún un, kì í ṣe ti màlúù. A ní láti kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ gbóná kí a tó fún un ní oúnjẹ. Àyà rẹ̀ ni a ń dá a dé bí ó bá ń mu wàrà, a kì í dá a délẹ̀ ní ẹ̀yìn bí ọmọ ènìyàn, kí wàrà má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó fi òwú tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìdí rẹ̀ kí ó lè tọ̀ kí ó sì yàgbẹ́, bí ìyá rẹ̀ ti ń fi ahọ́n ṣe é.

## Ìlera ènìyàn

Àìsàn tí ó léwu jù lára èyí tí ológbò lè kó ran ènìyàn ni dìgbòlugi. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ, àìsàn yìí ń pa nǹkan bí ènìyàn 59,000 lọ́dọọdún, ajá ni ó sì ń kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ ran wọn. Ṣùgbọ́n ológbò tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ lè kó o, kí ó sì kó o ran ènìyàn nípa ìbùjẹ. Bí àmì àìsàn yìí bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Nítorí náà, ẹni tí ológbò ìgboro bá bù jẹ tàbí tí ó ha lára gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò yẹ kí ó dúró wò bóyá ara yóò yá.

Èkejì ni àìsàn tí kòkòrò *Toxoplasma gondii* ń fà. Inú ìgbẹ́ ológbò ni ẹyin kòkòrò yìí ń gbà jáde, ó sì nílò ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó lè ran ènìyàn. Ó lè ṣe ìpalára fún ọmọ inú oyún bí aláboyún bá kó o fún ìgbà àkọ́kọ́. Ènìyàn tún lè kó o láti inú ẹran tí kò jinná tàbí ewébẹ̀ tí a kò fọ̀ dáadáa. Kò pọn dandan kí aláboyún sá fún ológbò, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn máa bá a kó ìgbẹ́ rẹ̀, kí òun sì máa fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ó bá fọwọ́ kan erùpẹ̀.

## Àwọn àpẹẹrẹ

Ní ìlú Róòmù, àwọn ológbò ń gbé ní Largo di Torre Argentina, níbi tí a ti hú àwókù tẹ́ńpìlì mẹ́rin jáde láàárín ọdún 1926 sí 1929. Ibẹ̀ náà ni apá kan ilé ìpàdé tí wọ́n ti pa Julius Caesar ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Krístì wà. Àwọn obìnrin tí a ń pè ní *gattare* ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, a dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́dàá tí ó sì ń wá ilé fún wọn. Òfin Ítálì ti ọdún 1991, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 281, kà á léèwọ̀ láti fìyà jẹ ológbò tí ń gbé lómìnira. Ó sọ pé kí àwọn aláṣẹ ìlera tẹ̀ wọ́n lọ́dàá kí wọ́n sì dá wọn padà sínú ọ̀wọ́ wọn, kí a má sì pa wọ́n àfi èyí tí àìsàn rẹ̀ le gan-an tàbí tí kò lè sàn.

Ní Newburyport, ìlú etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ológbò 300 ni ó wà ní etí omi nígbà tí ètò títẹ̀ lọ́dàá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992. A wá ilé fún àwọn tí ó mọ ènìyàn, a sì dá àwọn ẹhànnà padà. Ní ọdún 2009 ni èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn kú. Ní ọgbà Yunifásítì Central Florida, iye ológbò dín kù láti 68 ní ọdún 1996 sí 23 ní ọdún 2002. Ní ibi méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà gbà, wíwá ilé fún àwọn ológbò sì ran títẹ̀ lọ́dàá lọ́wọ́.

## Àríyànjiyàn

Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ni ó fara mọ́ dídá ológbò padà sí ìta. Ọdẹ ni ológbò, kódà bí ó bá yó. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 ṣírò rẹ̀ pé àwọn ológbò tí ń rìn káàkiri ní Amẹ́ríkà ń pa ẹyẹ tí ó tó bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 lọ́dọọdún. Ní Australia àti New Zealand, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹranko ìbílẹ̀ kò ti mọ ológbò rí kí àwọn ará Yúróòpù tó kó o dé, ewu náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa ẹ̀dá ìgbẹ́ fi ń sọ pé kò yẹ kí a dá ológbò padà sí ibi tí àwọn ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n ń yé ẹyin sí. Ohun tí ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé kí ológbò tí ń bímọ ní ìta dín kù.

## Ní ilẹ̀ Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí èkúté ni ọ̀pọ̀ ilé àti ìsọ̀ fi ń sin ológbò, pàápàá àwọn tí ń ta àgbàdo, ẹ̀wà àti gàrí. Òwe ṣì ń sọ pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Ṣùgbọ́n a kì í sábà tẹ irú ológbò bẹ́ẹ̀ lọ́dàá. Bí ó bá bímọ tí a kò sì rí ẹni gbà wọ́n, ẹ̀yìn ọjà tàbí orí ààtàn ni a máa ń kó àwọn ọmọ náà lọ, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti di ológbò ẹhànnà.

Ìgbàgbọ́ tún kó ipa tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn so ológbò, pàápàá èyí tí ó dúdú, mọ́ ọ̀rọ̀ àjẹ́, wọ́n sì lè sọ ọ́ lókùúta bí ó bá ké lóru. Igbe gígùn tí ó dà bí ẹkún ọmọ ọwọ́, tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn lóru, ni abo tí ó ń gun fi ń pe akọ, tàbí kí ó jẹ́ ti àwọn akọ méjì tí ń jà. Nígbà tí a bá tẹ àwọn ológbò lọ́dàá, igbe náà máa ń rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdí tí a fi ń kórìíra wọn yóò sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko, wọ́n sì ní ilé-ìwòsàn ẹranko. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, nígbà tí a máa ń fún ajá àti ológbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọjà tàbí ní àdúgbò, ó dára kí olùtọ́jú kọ́kọ́ bá ìyálọ́jà, baálẹ̀ tàbí àwọn onílé sọ̀rọ̀ kí ó tó gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀, kí wọ́n lè jọ mọ àmì etí, kí wọ́n sì fi tó o létí bí ológbò tuntun bá dé.